Ẹ̀wù Ayẹta Tí Mo Rẹ Sínú Omi

Ilé,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Báwo ni ara? Báwo ni orúnkún tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́ tí o ń lọ? Àwọn tí ẹ jọ wà nínú àgọ́ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kó sì bá ọ lórí ìjókòó, nítorí mo mọ̀ pé orí ìdúró lo ti máa ń ka ìwé bíi pé ẹnì kan ń lé ọ bọ̀. Jọ̀wọ́, jókòó. Ara tiwa le nílé. Màmá rẹ wà dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá mi sọ̀rọ̀. Màá dé orí ìyẹn.

Oṣù karùn-ún rèé tí o ti wà níbẹ̀. Bí mo bá pè ọ́, fóònù á dún títí á fi rẹ̀ ẹ́. Bí màmá rẹ bá pè ọ́, o ti gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. O lè fa lẹ́tà ya, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ irú ọmọ tí mo bí: wàá kọ́kọ́ kà á tán ná.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé àwáwí ni mò ń wá. O rántí bí mo ṣe rí nígbà tí mo fẹ̀yìntì. Odidi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi wà nídìí sítóò àwọn ológun: bàtà, bẹ́líìtì, àgọ́, ọta, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ mi kọjá. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, mo jí, mo fá irùngbọ̀n, mo wọ bàtà tó ń dán, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń dúró dè mí. Ni mo bá gba ilé ìdáná lọ, mo ń to ìkòkò màmá rẹ sí ìlà, kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn. Ó wò mí títí, ó ní bí mi ò bá jáde níbẹ̀, òun á fi ìgbálẹ̀ lé mi jáde. Mo jáde.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí Ẹlẹ́rìn-ín fi dé. Èmi ni mo sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Òun ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀wù ayẹta, eyín rẹ̀ kì í wọlé. Ó jókòó ní pálọ̀ wa, ó pè mí ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní ìgbà tó lé ní ogún, ó ní kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí irú ọgbọ́n tó wà lórí mi ṣòfò. Mo mọ̀ pé ó ń pọ́n mi. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pọ́n mi gbẹ̀yìn, ó sì dùn mọ́ mi. Mo ti gba iṣẹ́ náà kó tó mu omi tí màmá rẹ gbé fún un tán.

Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì ní àjà karùn-ún. Gíláàsì ni ògiri rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rọ̀ débi pé mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi. Wọ́n kọ ipò mi àtijọ́ gàdàgbà sára káàdì, wọ́n kọ Olùdámọ̀ràn Àgbà sí abẹ́ rẹ̀. Àwa márùn-ún la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, gbogbo wa la ti fẹ̀yìntì: ọ̀gá ojú omi kan tó máa ń ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn wá síwájú, ọ̀gá òfúrufú kan tó máa ń sùn ní aago mọ́kànlá bí ọmọ ìkókó, àti àwọn méjì tí wọn kì í sọ nǹkan mìíràn ju gọ́ọ̀fù lọ. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé Ẹlẹ́rìn-ín, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, gbé ìwé òfìfo wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ wa rí tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun títí di báyìí.

Mo kọ mọ́kànlélógójì. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo ń rántí ẹni tó máa ń hanrun lórí ìdúró, ẹni tó wọ bàtà òdìkejì lọ́jọ́ tí ọ̀gá pátápátá wá bẹ̀ wá wò. Nígbà tí ìwé náà fi máa padà sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì pupa kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nídìí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀: ẹni yìí ló ń fọwọ́ sí ìwé, ẹni yìí ló ń ṣètò ìpàdé, ẹni yìí ni ọ̀gá máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ojú mi là. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n orí mi ṣe? Àwọn mọ́kànlélógójì yẹn ni wọ́n gbà síṣẹ́, èmi kàn ni ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà wọlé.

Orúkọ tìrẹ kò sí níbẹ̀, nítorí o kò ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí. Ká tilẹ̀ ní mo kọ ọ́, wọn ò lè mọ̀ pé ọmọ mi ni. Láti ọjọ́ tí o ti wọ iṣẹ́ ológun lo ti sọ fún mi pé orúkọ ìdílé màmá rẹ lo máa lò, pé o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ọ̀nà fún ọ nítorí tèmi. Mo fajúro lọ́jọ́ náà, mo ní o dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Ṣùgbọ́n mo pa á mọ́. Títí di òní, kò sí ológun kan tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ní ti ẹ̀wù náà, má ṣe rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ polówó ọjà burúkú. Mo gbà á gbọ́. Wọ́n kó wa lọ sí pápá kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ wọn, oòrùn ń ràn yòò, wọ́n wọ ẹ̀wù náà fún ère onígi kan, wọ́n yìnbọn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ọta kan ṣoṣo kò wọlé. Mo gbé e wò: kò wúwo tó ìdajì èyí tí àwa wọ̀ nígbà tiwa. Mo ní ká ní a ní irú èyí nígbà náà ni, àwọn kan ì bá wà láàyè títí di òní. Inú mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ẹlẹ́rìn-ín ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì di ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìpolówó wọn pẹ̀lú fọ́tò mi. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi rí bí òjò ṣe ń ba bàtà, àgọ́ àti ọta jẹ́, mi ò bi wọ́n léèrè bí yóò ṣe rí bí omi bá wọ inú rẹ̀.

Ní oṣù kejì, Ẹlẹ́rìn-ín pè mí, ó ní ìwé àwọn há sí ọ́fíìsì àyẹ̀wò. Ó ní ẹnì kan níbẹ̀ ta kú pé àfi kí wọ́n rẹ ẹ̀wù náà sínú omi kí wọ́n tó yìnbọn sí i, pé ọmọ kékeré kan tó ń wá orúkọ ni. Mi ò béèrè ọmọ wo. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò lo wà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti gbé ọ lọ sídìí ẹ̀wù. O kò sì lè sọ fún mi, nítorí o mọ ibi tí mò ń ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín fi ìka lé orúkọ kan lórí ìwé mi, ó ní ṣé mo lè bá òun bá ẹni yìí sọ̀rọ̀. Létòlétò ni.

Létòlétò ni igbákejì mi fún ọdún mẹ́fà, ní ibùdó kan tó jìnnà sílé nígbà tí o wà ní ilé-ìwé, ìyẹn lẹ ò fi mọ ara yín. Àwọn ọmọ ogun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí kò sí nǹkan rẹ̀ tí kò létò. Irú ọmọ abẹ́ tí gbogbo ọ̀gá ń gbàdúrà fún ni. Bí mo bá kàn ṣàdédé sọ pé ó jọ pé iná ibí yìí kò mọ́lẹ̀ tó, kí n tó jẹun tán, ó ti pààrọ̀ gbogbo gílóòbù tó wà ní ibùdó. Òun ló wá di olórí ọ́fíìsì tó ń ra nǹkan fún àwọn ológun, ọ́fíìsì àyẹ̀wò sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo pè é. Mo gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe ha ilẹ̀. Lórí fóònù, ọmọ mi, ó dìde dúró kó tó dá mi lóhùn, orí mi sì wú. Mo bi í nípa àwọn ará ilé rẹ̀. Mo wá ní kò sí wàhálà kankan o, kó kàn bá mi wo ìwé ẹ̀wù ayẹta yẹn, kó má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ó ní, “Ó ti yé mi, sà.” Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo lọ jẹun ọ̀sán.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà lo wá di ẹrù rẹ. Màmá rẹ ń sunkún, èmi ń ṣe ọ̀gá. Mo ní kò sí ológun tí wọn kì í gbé kiri, mo ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á ṣe ọ́ lóore. O ń di báàgì rẹ lọ. Ẹnu ọ̀nà lo ti yíjú padà. O ní, “Bàbá, ẹ rẹ ẹ̀wù yẹn sínú omi kí ẹ tó tún ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀.” Ọkọ̀ rẹ sì gbéra. Inú bí mi gan-an. Mo ní ta ló kọ́ ọmọ yìí ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Màmá rẹ ní èmi ni.

Mi ò rẹ ẹ́. Ẹ̀wù àpẹẹrẹ méjì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń ṣí i, tí mò ń tì í, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ìgbéraga ni, mi ò ní wá orúkọ mìíràn fún un. Mo rò pé bí mo bá rẹ ẹ́, mo ti gbà pé ọmọ tí mo bí lè kọ́ mi ní iṣẹ́ mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin yẹn ni wọ́n ṣe ayẹyẹ tí wọ́n fi fa ẹ̀wù àkọ́kọ́ lé àwọn ológun lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn ńlá, àga funfun, òdòdó lórí tábìlì. Wọ́n kéde pé àwọn ọmọ ogun tó ń lọ sí agbègbè odò àti àbàtà ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àwọn tí omi máa ń mù dé àyà. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn. Létòlétò rí mi láàárín èrò, ó sáré wá, ó dúró ṣánṣán, ó bẹ́rí fún mi. Inú rẹ̀ ń dùn bí ti ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó ní, “Sà, mi ò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pàṣẹ. Ẹni tó dí wa lọ́nà, mo ti gbé e lọ síbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́.”

Mo ní ibo lo gbé e lọ. Ó dárúkọ ibùdó tí o wà. Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ, pẹ̀lú orúkọ ìdílé màmá rẹ, ó pè é dáadáa, kò ṣì í pè. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ife ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo kúrò níbẹ̀ láì kí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kejì, kí màmá rẹ tó jí dáadáa, mo ti da omi kún ọpọ́n ìwẹ̀, mo ti ri ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù náà sínú rẹ̀, mo fi òkúta tí a fi ń dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dúró tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Màmá rẹ fẹ́ wẹ̀. Mo ní kò sí ààyè. Ó ní ta ló wà níbẹ̀. Mo ní ẹ̀wù ayẹta ni. Ó ní òun ti ń retí ọjọ́ tí ìfẹ̀yìntì yìí máa kọlu orí mi, ó dúpẹ́ pé ó tètè dé. Ó lọ wẹ̀ nílé aládùúgbò. Aago méjì ọ̀sán ni mo tó yọ ọ́, mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé méjèèjì, tútù àti gbígbẹ, mo lọ sí pápá ìyìnbọn.

Sájẹ́ńtì àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ló ń tọ́jú pápá náà. Ẹ̀ẹ̀kan là ń pè é, nítorí kì í yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì sí ohun kan náà. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó di àpò yanrìn méjì, ó wọ àwọn ẹ̀wù náà fún wọn, ó rìn sẹ́yìn, ó dojúbolẹ̀ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Ó yìn ín sí gbígbẹ: kò wọlé. Ó yìn ín sí tútù: yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti ẹ̀yìn àpò. Ẹ̀ẹ̀kan wo ìbọn rẹ̀, ó tún wo àpò náà, ó sì ṣe ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí: ó tún un yìn. Ó tún wọlé.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo fi ìka mi sínú ihò náà, ó wọlé dé oríkèé kejì. Mo sunkún. Mo sunkún níwájú sájẹ́ńtì, ohun tí ìwé òfin ológun kò ṣe ètò fún rárá. Ẹ̀ẹ̀kan kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ka ọta inú páálí rẹ̀ títí mo fi nu ojú mi tán. Ojú tì mí nítorí àwọn ọmọ tó ń lọ sínú àbàtà. Ojú tì mí nítorí rẹ. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu mi sọ tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, mo mọ ohun tí mo máa ṣe, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo gba ọ́fíìsì Létòlétò lọ láì pè é. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn àlejò yòókù títí ó fi kàn mí. Nígbà tó rí mi, ó fò dìde. Mo ní kó jókòó, kò fẹ́. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sí etí àga. Mo gbé ẹ̀wù tútù náà lé orí tábìlì rẹ̀, omi ń ṣàn sábẹ́ àwọn ìwé tó tò gẹ́rẹ́gẹ́, kò sì fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Ó ń wo ihò méjì yẹn. Ó ní, “Ẹ pàṣẹ fún mi, sà.” Kò fi bú mi. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá ibi tó ti ṣìnà.

Mo ní, “Ọjọ́ tí mo bọ́ aṣọ yẹn ni àṣẹ mi ti tán. Ìwọ ò mọ̀. Èmi mọ̀, mo sì díbọ́n pé mi ò mọ̀.” Ó gbé fóònù. Ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti kó ẹ̀wù sí ti dé ẹnu géètì, ẹ́ńjìnnì wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n já gbogbo ẹrù náà padà sínú sítóò. Kò sí ẹni tó wọ ọ̀kankan lọ. Jẹ́ kó dá mi lójú pé o gbọ́ ìyẹn, ọmọ mi: kò sí ẹnì kan.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ríra ohun ìjà pè wá. Tábìlì gígùn, ife omi níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ amúlétutù kan tí ohùn rẹ̀ ju ti alága lọ. Mo tún ti rẹ ẹ̀wù náà kó lè tutù dáadáa. Ó ń kán sílẹ̀ bí mo ṣe ń gbé e wọlé, obìnrin tó ń nulẹ̀ ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń kùn. Mo sọ ohun gbogbo fún wọn, láti orí ìwé orúkọ mọ́kànlélógójì dé orí fóònù ìṣẹ́jú méjì. Agbẹjọ́rò Ẹlẹ́rìn-ín dìde, ó ní ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n fi owó rà mí. Mo ní rárá o, wọ́n pè mí ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ìyẹn náà ti tó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ètè rẹ̀ ní pípadé.

Alága wá gbé ìwé olójú-ewé méjì kan sókè. Tìrẹ ni. Ó kà á ketekete látòkèdélẹ̀: ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n rẹ ẹ̀wù náà, irú omi tí ó yẹ kó jẹ́, ibi tí àwọn tó máa wọ̀ ọ́ ń lọ. Ó ní nínú fáìlì tó ga tó báyìí, ìwé kan ṣoṣo yìí ló mọ́gbọ́n dání. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ mi, mo ti la ẹnu. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dìde kí n sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Mo rántí ohun tí o ní kí n pa mọ́. Mo ní, “Kò ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí, sà.” Òótọ́ sì ni.

Ìgbìmọ̀ fagi lé ọjà náà. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀gá tó bá fẹ̀yìntì kò gbọdọ̀ bá ọ́fíìsì tó ń ra nǹkan sọ̀rọ̀ àfi nínú ìwé tí gbogbo èèyàn lè kà. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún Létòlétò, ó ní òun ti tò ó sínú fáìlì. Ilé-iṣẹ́ gba mọ́tò àti káàdì wọn lọ́wọ́ mi, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn wálé, ó ṣe mí lóore. Ọ̀gá òfúrufú tó máa ń sùn yẹn pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo kọ́ ọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó mú kí màmá rẹ máa bá mi yodì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án, Létòlétò pè mí. Kì í ṣe ẹni tó ń fo ojú ewé kankan. Ó ti mú fáìlì rẹ láti wo bí òun ṣe gbé ọ lọ, ó sì ti kà á dé ibi tí ológun ti máa ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ kàn sí bí nǹkan bá ṣe é. Orúkọ mi ló bá níbẹ̀. Ó ní, “Sà, ọmọ yín ni mo gbé lọ.” Ó ní ìwé ìdápadà rẹ wà níwájú òun, kí n sáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun á fọwọ́ sí i kí òun tó gbé fóònù kalẹ̀. Màmá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí sí mi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí.

Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni. Kí o mọ̀ pé mo fẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé, “Bó bá kọ̀wé, ka ìwé rẹ̀ bí wàá ṣe ka ti ọmọ ẹlòmíràn.” Màmá rẹ yíjú, ó wọ yàrá, ọjọ́ karùn-ún rèé. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni pé ẹnu tí mo fi lé ọmọ òun lọ ni mo ti pa dé nígbà tó yẹ kí n fi pè é wálé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ náà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti sọ ọ́ nínú ìdájọ́ wọn pé ẹni tí wọ́n gbé lọ lọ́nà àìtọ́ lè kọ̀wé kí wọ́n dá a padà, ojú ewé yẹn ni mo fi sínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Bí o bá padà wá, kò ní sí ẹni tó máa lè sọ pé bàbá rẹ ló pè. Mo dúró lórí ìyẹn, bí màmá rẹ tilẹ̀ fẹ́ yodì dé ìparí ọdún.

Ohun kan ṣì wà tí Létòlétò sọ, tí mi ò tíì sọ fún màmá rẹ. Ó ní ojú ewé tí orúkọ mi wà yẹn, ibùdó tuntun lo ti kọ ọ́, ní ọ̀sẹ̀ tí o débẹ̀. Nígbà yẹn, o ti fura sí ẹni tó pè. O kò gbé fóònù mi mọ́. Síbẹ̀ wọ́n fún ọ ní ìwé pé ta ni kí àwọn kọ́kọ́ sọ fún bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, o sì kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà mi. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn rò. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi, dárí jì mí. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní ìdí láti pe nọ́ńbà yẹn láé. Ìwọ ni kó o pè é.

Kí Ọlọ́run fi ìṣọ́ rẹ̀ ṣọ́ ọ lójú oorun àti lójú iṣẹ́. Kí ẹsẹ̀ rẹ má gbé ọ kọsẹ̀, kí ọwọ́ rẹ má rọ, kí òtítọ́ tó wà lẹ́nu rẹ máa rí etí tó máa gbọ́ ọ. Wàá dàgbà, wàá dógbó, wàá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wọ ilé yìí pẹ̀lú ayọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
tí kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni mọ́.

Àfikún: Èmi àti Ẹ̀ẹ̀kan ń jiyàn lórí iye wákàtí tí ẹ̀wù gbọ́dọ̀ lò nínú omi kí àyẹ̀wò tó pé. Ó ní mẹ́ta tó, mo ní kò tó, alága sì ti gbé ìwé rẹ lọ, a ò lè wò ó. Bí o kò bá tilẹ̀ fẹ́ kọ ohun mìíràn sí mi, jọ̀wọ́ kọ iye wákàtí yẹn.